Ojú Ìwé Kẹrìnlá

Bí ìjọba bá fẹ́ sọ fún èèyàn pé kó má gba ọ̀nà kan mọ́, ìjọba kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ dárúkọ òfin tó fún un láṣẹ àtisọ̀rọ̀, á dárúkọ òfin tó bí òfin yẹn, á túmọ̀ ohun tí ọ̀nà jẹ́, á túmọ̀ ohun tí èèyàn jẹ́. Nígbà tó bá fi máa dé orí ọ̀rọ̀ gan-an, ẹni tí wọ́n ń bá wí ti gba ọ̀nà náà lọ, ó ti gba ibẹ̀ bọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́fíìsì kékeré kan fi wà nísàlẹ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba, yàrá mẹ́ta péré, tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n gba ìwé ìkéde lórí ọ̀rọ̀ iná, epo, gáàsì àti ọkọ̀, kí wọ́n tú u palẹ̀ fún ará ìlú.

Obìnrin kan ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọdún kọkànlá rẹ̀ nìyí níbẹ̀. Láràárọ̀ Ọjọ́rú, bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, ó máa ń ka àlàyé rẹ̀ lórí rédíò, ìṣẹ́jú kan gééré, kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá kan lé e. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan. Ọ̀pọ̀ tí kò rí ojú rẹ̀ rí ló mọ ohùn rẹ̀. Ó lè lọ ra ọṣẹ, kó ní "ẹ kú àárọ̀" péré, kí ẹni tó ń tajà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ pa mítà àtijọ́ rẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ìwé á ti òkè wá, á nípọn bíi búrẹ́dì. Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan á mú bírò, á máa fa ìlà sórí gbogbo ohun tí ará ìlú lè ṣe aláìmọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, á kọ ọ́ sójú ìwé kan ṣoṣo, lédè tí èèyàn ń sọ nínú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, á pe màmá tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí, á kà á sí i létí. Bó bá yé màmá agbálẹ̀, á yé ìlú. Ọ̀gá á wá mú aago lọ́wọ́, á ní kó kà á, bó bá sì lé ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀. Odindi ìwé náà á wà lára pátákó níta, kí òjò máa pa á, kí oòrùn máa yan án. Kò sẹ́ni tó ń kà á.

Ìlànà kan tún wà tí Ọ̀gá fẹ́ràn bí ojú. Ẹni tó bá fi tẹlifóònù béèrè ọ̀rọ̀, inú ojú ìwé kan ṣoṣo yẹn ni kí wọ́n ti dá a lóhùn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, kí òṣìṣẹ́ kan má baà sọ báyìí kí èkejì sọ bámìíràn. Ìlànà tó dáa ni, lójú ẹni tó ṣe é.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìwé gáàsì dé. Ojú ìwé mẹ́rìnlá. Lásìkò náà, àwọn awakọ̀ ti ń yí ọkọ̀ wọn kúrò lórí epo sórí gáàsì, wọ́n ń de sílíńdà mọ́ abẹ́ àga ẹ̀yìn. Ìwé náà ní kí gbogbo ọkọ̀ tó ń lo gáàsì lọ ṣàyẹ̀wò sílíńdà wọn, ó sì fún wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lójú ìwé kẹrìnlá, nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ti máa ń rẹ èèyàn, ìlà méjì kan wà níbẹ̀: sílíńdà tí wọ́n bá kun àmì pupa sí lọ́rùn, ó ti gbó, wọn ò gbọdọ̀ lò ó mọ́ láti ọjọ́ tí ìkéde bá ti jáde. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ yẹn kì í ṣe tiwọn. Wọn ò ní ọjọ́ kan.

Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan rí ìlà méjì náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀: ó rí i, ó sì kọ ọ́ sínú àlàyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀gá mú aago, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni.

"Yọ nǹkan kan," Ọ̀gá ní.

"Èwo ni kí n yọ, sà?"

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n kọ, ìwọ lo máa mọ̀ ọ́n yọ. Sílíńdà pupa yẹn ńkọ́? Mélòó ló kù nílùú tá a máa fi ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ṣòfò lé e lórí? Ó kúkú wà lára pátákó."

Òun náà rò ó lọ́kàn pé mélòó ló kù lóòótọ́. Ó fa ìlà sí i. Ó pe màmá agbálẹ̀, ó kà á fún un. Màmá gbára lé ìgbálẹ̀, ó gbọ́ ọ dópin.

"Ó yé mi. Ẹni tó bá ní gáàsì lọ́kọ̀, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù mẹ́ta. Ṣó parí?"

"Ó parí, màmá."

Ó kà á lórí rédíò ní Ọjọ́rú, ìṣẹ́jú kan gééré. Ní Ọjọ́bọ̀, tẹlifóònù ò sinmi. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ọkùnrin kan pè. Ohùn rẹ̀ tutù, ó ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ da nǹkan sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Awakọ̀ ni mí. Mo gbọ́ yín lánàá."

"Ẹ ṣé, sà. Kí lẹ fẹ́ béèrè?"

"Sílíńdà tèmi ti pẹ́ díẹ̀. Wọ́n kun nǹkan pupa kan sí i lọ́rùn. Ṣé èmi náà wà lára àwọn tó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́?"

Ó wo ojú ìwé tó wà níwájú rẹ̀. Pupa ò sí níbẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìnlá náà wà nínú dúrọ́ọ̀, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó láìdìde. Èèyàn mẹ́ta mìíràn ń dúró lórí ìlà. Ó rántí ìlànà Ọ̀gá, tàbí kó jẹ́ pé ó kàn ti rẹ̀ ẹ́. Títí dòní, òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ èyí tó jẹ́.

"Gbogbo yín lẹ ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, sà."

"Gbogbo wa?"

"Gbogbo yín pátá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ó gbọ́ bírò tó ń rìn lórí ìwé. Ọkùnrin náà ń kọ ọ́, ó sì ń pè é bó ṣe ń kọ ọ́: "Gbogbo... wa... pátá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mà. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ yín."

Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ò fọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló tó fọ́, lọ́jọ́ Ajé, láàárọ̀, nígbà tí bọ́ọ̀sì kan ń gun òkè létí ilé ìfìwéránṣẹ́. Sílíńdà abẹ́ àga ẹ̀yìn, èyí tó ní àmì pupa lọ́rùn, bú gbàmù. Awakọ̀ kú. Èrò méje kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí dé ọ́fíìsì ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀gá gbé ojú ìwé mẹ́rìnlá lé wọn lọ́wọ́, ó fi ìka tọ́ka sísàlẹ̀ èyí tó gbẹ̀yìn. Àwọn ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti kìlọ̀ fún awakọ̀ náà, kò gbọ́. Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá gbé ojú ìwé kan síwájú Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan. Ìkéde gáàsì yẹn náà ni, àmọ́ ìlà méjì náà ti gòkè wá sórí, wọ́n ti yọ nǹkan mìíràn kí wọ́n lè ráyè fún un. Gbólóhùn tó ṣáájú rẹ̀ ni: "Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀."

"A ò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, sà," ó ní.

"Ó wà lára pátákó. Ohun tó bá ti wà lára pátákó, a ti sọ ọ́." Ọ̀gá wo aago. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin."

Ó kà á. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ìyẹn gan-an ló wá ń dùn ún jù, pé ohùn òun ò gbọ̀n.

Ará ìlú náà ò sì jẹ́ gbà pé àwọn ò mọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wọn fi ń búra pé àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ sílíńdà pupa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, etí àwọn báyìí ni obìnrin yẹn sọ ọ́ sí. Ẹni tí rédíò rẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún tó kọjá gan-an gbọ́ ọ. Wọ́n ní olóríkunkun ni awakọ̀ náà, wọ́n ní ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ikú kọ́ ìdí àga, ó fi gbé ọmọ ọlọ́mọ. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ ni, àfi ẹnì kan. Ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ̀ pé ọkùnrin náà béèrè kó tó wakọ̀. Bí ẹni yẹn bá dákẹ́, orúkọ tí wọ́n máa fi máa pe òkú náà títí ayé nìyẹn. Ẹni yẹn dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ó ń ka àlàyé kan lórí mítà iná. Ó wọ ohun ìgbọ́rọ̀ sétí bó ṣe máa ń ṣe, ó ka gbólóhùn àkọ́kọ́, ó dúró mí. Nínú ààyè mímí yẹn, ẹnì kan tún gbólóhùn náà sọ sí i létí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sínú ìwé. "Ẹni-tó-bá-ní-mítà-àtijọ́..." Ó rò pé rédíò ń ṣe wàhálà. Ó ka gbólóhùn kejì. Ẹni náà tún tún un sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́ bírò. Ó dákẹ́ lórí afẹ́fẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí lọ́dún mọ́kànlá. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ yọ orí wọlé, ó ní kò sí ohùn kankan níbẹ̀ àfi tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ tó fi dá èèyàn lóhùn tí kò gbọ́ ọ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan á pè láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa pa iná àdúgbò, á dá a lóhùn, obìnrin yẹn á ti gbé tẹlifóònù sílẹ̀, ohùn ọkùnrin kan á ní, "Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, mà." Ọ̀sán gangan, oòrùn á máa wọlé lójú fèrèsé, àwọn èèyàn á máa rìn kiri pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Òun nìkan ló ń gbọ́ ọ. Á máa bi ara rẹ̀ pé ìdáhùn tí òun fún obìnrin yẹn, ṣé ó pé, àbí òun tún ti yọ nǹkan kan.

Nígbà tó ṣe, ó sọ fún Ọ̀gá. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

"Òkú wo ló ń pe tẹlifóònù? Ta ló fún un ní nọ́ḿbà?"

Bí Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan ṣe ń padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó rò ó pé èmi ni, èmi ni mo fún un, gbogbo Ọjọ́rú ni mò ń pe nọ́ḿbà yẹn sétí ayé.

Nílé, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ rí i pé ìyàwó òun kì í dáhùn ìbéèrè mọ́. Bó bá ní níbo ni sísọ́ọ̀sì òun wà, á ní òun ò mọ̀. Bó bá ní ṣé òjò máa rọ̀ lónìí, á ní òun ò mọ̀.

"Ṣé ìjọba ti fòfin de ìdáhùn ni?" ọkọ rẹ̀ ní. "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti kéde ẹ̀ fún wa."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ọkọ rẹ̀ gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó wá jókòó tì í. Kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ọkọ tó mọ ìgbà tí wọn kì í béèrè nǹkan ṣọ̀wọ́n, ká má purọ́. Àmọ́ àìbéèrè yẹn náà kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ká ní ó béèrè lọ́jọ́ náà ni, bóyá ìyàwó rẹ̀ ì bá sọ ọ́.

Ó pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìyá àgbàlagbà kan wọ yàrá iwájú, níbi tí wọ́n ti ń gba àwọn tó bá mú ìwé wá fún àlàyé. Ó kéré, ó mọ́ tónítóní, aṣọ ara rẹ̀ le fún áyọ́ọ̀nù. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó ti hunjọ fún omi àti ọṣẹ. Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan ní kó jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ìwé wo lẹ mú wá?"

Ìyá náà gbé ojú sókè wéré. "Ẹ̀yin ni ẹni orí rédíò. Mo mọ ohùn yín. Ọmọ mi fẹ́ràn yín gan-an. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọhùn nínú ọkọ̀."

Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan mọ̀ kí ìyá náà tó sọ ọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló mọ̀.

"Èmi ni ìyá awakọ̀ yẹn," ìyá náà ní. "Ti òkè ilé ìfìwéránṣẹ́."

Ó tú láílọ́ọ̀nù kan, ó yọ ìwé pélébé kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Alágbàfọ̀ ni òun, ó ní. Láti ọdún márùndínlógójì, òun ò ki aṣọ ẹnikẹ́ni bọ omi rí láì kọ́kọ́ tú àpò rẹ̀. Ẹ̀wù kan wà tí ọmọ òun bọ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà. Oṣù mẹ́ta ni òun fi ń wo ẹ̀wù náà lórí okùn nínú yàrá, òun ò lè fọ̀ ọ́. Lánàá, òun gbóyà. Òun tú àpò, òun bá èyí níbẹ̀.

"Mi ò mọ̀wé, ọmọ mi. Mi ò sì fẹ́ kí ará àdúgbò kà á fún mi, nítorí ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n máa kà. Wọ́n ní ìjọba kìlọ̀ fún un, kò gbọ́. Ọmọ tí mo bí, tó jẹ́ pé tí mo bá ní kó ra ọṣẹ méjì, á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ibí lẹ ti ń ṣàlàyé ìwé. Ẹ bá mi wò ó bóyá ó kọ nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé olóríkunkun ni lóòótọ́, ẹ sọ fún mi. Mo fẹ́ mọ ẹni tí mo bí."

Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan ṣí ìwé náà. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì, ọjọ́ tí wọ́n lẹ táyà, nọ́ḿbà tẹlifóònù mẹkáníìkì. Ó ń ṣí i lọ, ó ń ka àwọn yẹn jáde, kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló débẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ríran ká ojú ìwé náà kí ẹnu rẹ̀ tó là. Ọ̀gá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ti gbọ́ ẹni tí ìyá náà jẹ́. Ó mi orí díẹ̀ pé kó má kà á, ó tún mi í.

Ó rọrùn láti ka nǹkan mìíràn. Ó lè sọ pé ọmọ náà kọ ọ́ pé òun máa lọ ṣàyẹ̀wò, kó fo ìyókù. Ìyá náà á lọ sílé pẹ̀lú ìtùnú díẹ̀, ayé á sì máa lọ. Yíyọ nǹkan kúrò nínú ìwé, ta ló tún mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ?

Ó kà á. Bó ṣe ń kà á, ọkùnrin náà ń kà á pẹ̀lú rẹ̀ nínú etí rẹ̀, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀.

"'Ọjọ́bọ̀. Mo pe àwọn tó ń ṣàlàyé. Obìnrin orí rédíò fúnra rẹ̀ ló gbé e. Mo sọ fún un pé tèmi ní pupa lọ́rùn. Ó ní gbogbo wa pátá la ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. Mo tún béèrè, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Mi ò ní dúró dìgbà náà. Mo ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò, Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí òní.'"

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kú.

Ìyá náà gbé ojú sí i. "Obìnrin orí rédíò," ó ní. "Ìwọ nìyẹn."

"Èmi ni, mà."

"Ó béèrè lọ́wọ́ ẹ."

"Ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì, mà."

"O ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lójú ìwé kẹrìnlá, mo ti rí i. Èmi ni mo fa ìlà sí i kí ìṣẹ́jú má baà lé. Lẹ́yìn tó kú tán, mo tún kà á lórí rédíò bí ẹni pé a ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ọ̀gá wọlé wàyí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níyàrá mi, ara ẹni yìí ò yá..."

Ìyá náà ò wo apá ibi tó wà. "Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ," ó sọ fún Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan. "Tèmi kú, ẹ tún sọ ọ́ nù. Oṣù mẹ́ta, mo ń bínú sí òkú. Mo dúró nídìí sàréè ọmọ mi, mo bú u."

Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan ń sunkún, kò nu ojú. "Ó di Ọjọ́rú, ìyẹn ọ̀la, màá sọ ọ́ lórí rédíò, mà. Màá sọ gbogbo ẹ̀."

"Rédíò?" Ìyá náà dìde. "O ti sọ tẹ́lẹ̀ lórí rédíò. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n máa ní àwọn gbọ́. Ilé méje ló pàdánù èèyàn nínú ọkọ̀ yẹn. Mo lọ sí àkọ́kọ́ láti lọ kí wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Mi ò lè kí ẹnikẹ́ni kú ìrọ́jú. Kò sẹ́ni tó kí èmi náà, ọmọ mi kú, kò sẹ́ni tó kí mi. Ẹnu ilẹ̀kùn wọn ni wàá ti sọ ọ́, níbi tí wọ́n á ti rí ojú ẹ. Gbé ìwé náà dání."

"Bó o bá jáde níbí yìí," Ọ̀gá ní, "má wulẹ̀ padà wá."

Ẹ̀rù bà á. Ẹ má jẹ́ ká fi í ṣe akọni. Ọdún mọ́kànlá kì í ṣe ọjọ́ mọ́kànlá. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú ojú ìwé mẹ́rìnlá yẹn, ó mú èyí tó kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àti èyí tó kà lẹ́yìn ikú. Ó fi wọ́n sínú ìwé pélébé náà, ó tẹ̀ lé ìyá náà jáde. Ìyá náà ń rìn níwájú, ó yára ju bó ṣe dàgbà tó lọ.

Ilé àkọ́kọ́ jẹ́ ti káfíńtà kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ kú nínú ọkọ̀ náà, ọmọ tó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Pákó tí wọ́n ti là wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Káfíńtà náà ló ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí ìyá awakọ̀, ojú rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ sì padà sára ilẹ̀kùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan ní, "èmi ni mo wá bá yín sọ̀rọ̀."

Ohùn rẹ̀ ló dá ọkùnrin náà dúró. Ohùn tí gbogbo ìlú mọ̀ ni. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ka ìlà méjì ojú ìwé kẹrìnlá fún un. Ó ka ohun tí òun kà lórí rédíò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kó fetí sí i dáadáa bóyá ó gbọ́ pupa níbẹ̀. Ó ka ìwé awakọ̀. Ó sọ ẹni tó gbé tẹlifóònù, ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ohun tí Ọ̀gá sọ àti ohun tí òun fúnra òun rò. Àwọn èèyàn ti ń yọjú ní fèrèsé òdìkejì. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n báyìí, ó ń já, ó ń tún un gbé, ó máa ń padà sẹ́yìn bó bá gbàgbé nǹkan. Ọ̀rọ̀ ò tíì dàrú mọ́ ọn lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ àlàyé.

Nígbà tó parí, káfíńtà náà ò tíì mú ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá awakọ̀ ló ń wò.

"Ó béèrè?" ó ní.

"Ó béèrè," ìyá awakọ̀ dáhùn. "Ó kọ ọ́ sílẹ̀."

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ funfun hunjọhunjọ yẹn mú. "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ọmọ. Ọlọ́run á tù yín nínú."

Ìyá awakọ̀ di tirẹ̀ náà mú. "Ẹ̀yin náà," ó ní, "ẹ̀yin náà, ẹ kú ìrọ́jú." Obìnrin náà fi ọwọ́ gbá a mọ́ra, ó mú un gun àtẹ̀gùn, ó mú un wọlé.

Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan gbé ẹsẹ̀ láti tẹ̀ lé wọn. Káfíńtà náà na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà. Kò bú u, kò pariwo.

"Ìwọ dúró síta," ó ní, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ó dúró nínú oòrùn. Ó ń gbọ́ ẹkún àwọn obìnrin méjèèjì látinú ilé, kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni nínú rẹ̀. Àwọn tó yọjú ní fèrèsé ṣì ń wò ó, ẹnì kankan ò sì bá a sọ̀rọ̀. Ó rò ó lọ́kàn pé bóyá ohùn ọkùnrin náà á lọ báyìí. Kò lọ. Ó wà níbẹ̀ létí rẹ̀, ó ń kọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán yìí sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Ó tó wákàtí kan kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyá awakọ̀ jáde, ojú rẹ̀ ti wú. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá lára Ìyá Oníṣẹ́jú-Kan bọ́ sójú ọ̀nà.

"Ó ku mẹ́fà," ó ní, kò sì wẹ̀yìn.